Èmi àti Òyìnbó Tó Gba Òdo

Bí mo bá gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, ọjọ́ Sátidé kan ò ní kúrò lọ́kàn mi. Tíṣà ni mí ní Bẹẹrẹ, mo sì fẹ́ràn kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ju oúnjẹ lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń lé ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa kiri kí wọ́n tó pè mí fún ìdánwò. Ọjọ́ orí sì ti ń lọ. Bí mi ò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn.

Ṣáájú ìgbà náà, mo ka ìwé àtijọ́ kan nípa òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì láyé tí àwọn babańlá wa ṣì ń jagun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mú un lọ síbi ìdíje ńlá. Òdo ló gbà, wọn ò sì pè é mọ́ títí tó fi kú. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì títí ẹ̀rín fi pa àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nílẹ̀. Bàbá ìyàwó mi, tó ń ta aṣọ òkè ní Òjé, ti fẹjọ́ mi sun ọmọ wọn nígbà Iléyá: "Ọkọ ẹ kì í dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ńṣe ló máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́."

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ́kọ́ jù sí mi lọ́jọ́ Sátidé ìdánwò náà, mo gbá a. Bí mo ṣe kúrò lórí ìlà mi pé kí n sáré dé òdìkejì kí n lè gba àmì, ta ni mo rí létí pápá? Bàbá ìyàwó mi, tàwọn ti agbádá. Mo sọ igi ọwọ́ mi sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Pádì tí mo dì mọ́ ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí n tètè dìde. Kí n tó rìn padà, wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù wó igi mẹ́ta tí mò ń ṣọ́ lẹ́yìn ìlà mi. Òfin tí èmi fúnra mi ń kọ́ àwọn ọmọ ni: bí wọ́n bá wó igi yẹn nígbà tó ò sí lórí ìlà rẹ, o ti jáde nìyẹn.

Adájọ́ nàka sókè. "Tíṣà, ẹ ti jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àna mi ni mò ń kí."

"Mo rí i. Ẹ máa kí wọn lọ, àyè ti wà báyìí."

Ojú ro mí, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Mo rọra wọ́ lọ bá bàbá.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni wọ́n wí. "Ẹnì kan ni mo rí tó ṣubú lọ́ọ̀ọ́kán, ṣé ìwọ ni? Mo gbàgbé dígí ojú mi sílé."

Òdo lèmi náà gbà; orúkọ mi ò jáde, wọn ò sì pè mí mọ́. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó; mi ò fi òyìnbó yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìwé náà ò kúkú sọ ohun tó jẹ́ kó gba òdo. Bí mo bá ti rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín ìbànújẹ́, mo sì máa ń bi ara mi pé, àbí àna tiẹ̀ náà ló dé?