Òkú Tó Ba Fíìmù Jẹ́ ní Àpápá

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí mo lọ wá òkìkí ní Àpápá. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹrù jíjá ní èbúté Kirikiri, mo jókòó jẹ́jẹ́ mi ní Amukoko, kí ọmọkùnrin kan, tó ní dáírẹ́tọ̀ fíìmù lòun, tó rí irùngbọ̀n funfun mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Bàbá,” ó wí, “fíìmù mi máa tú àṣírí òkìkí: bí àwọn tó ń ṣe fíìmù ṣe ń lo èèyàn, tí wọ́n á sì tu ú nù bí ìrèké. Gbajúmọ̀ òṣèré tí ayé gbàgbé ló dá lé. Ẹ̀yin gan-an ni gbajúmọ̀ yẹn.”

Etí mi kò gbọ́ ju “gbajúmọ̀” lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde láàárín ìjọ, mo kéde ara mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo tẹríba. Àgbàyà!

Nígbà tí a dé ilé ńlá kan ní GRA, wọ́n gba fóònù mi kó má baà dún, wọ́n sì fi pósí hàn mí. Ibi tí gbajúmọ̀ ti kú ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ wo ni mo máa sọ?”

“Òkú kì í sọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà wọ inú rẹ̀, oòrùn ń lọ.”

Ó yẹ kí n yíjú sílé. Ṣùgbọ́n ojú wo ni n ó fi wo ìjọ? Mo wọ inú pósí, wọ́n fi òwú dí mi nímú. N kò mọ̀ pé wọ́n ti lẹ pósítà ìsìnkú mọ́ géètì, àwòrán mi gàdàgbà lórí rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kan láti ìjọ wa ń gbé ọ̀gá rẹ̀ kọjá, ó rí i, ó sì pe ìyàwó mi lórí fóònù, ìyàwó tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó pe fóònù mi títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Mo ṣì ń ṣe bí òkú lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe tí n kò lè ṣì mọ̀: “Bàbá Tọ́lá! Ẹ ò tiẹ̀ dágbére fún mi!” Ìyàwó mi àti àwọn obìnrin akọrin ìjọ wa ti ya wọlé. Dípò kí dáírẹ́tọ̀ là á yé wọn, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́: “Ẹ má pa kámẹ́rà! Ẹkún gidi nìyí! Bàbá, ẹ má mira o!”

Ẹni tó fẹ́ tú àṣírí àwọn tó ń lo èèyàn nìyẹn! Mo gbọ́ tí èémí ìyàwó mi ń já. Mo bá dìde jókòó nínú pósí, mo ní, “Èmi rèé o!” Òwú tó wà nímú mi sọ ohùn mi di ti ewúrẹ́. Akọrin fọ́n ká. Ìyá kan láàárín wọn tí kì í lè kúnlẹ̀ gbàdúrà nítorí orúnkún fo ògiri lọ.

“Káàtì!” ni dáírẹ́tọ̀ pariwo. “Ta ló ní kí òkú dìde?”

Ìyàwó mi nìkan ni kò sá. Ó fa òwú yọ nímú mi, ó sì fọ́ mi létí. “Ẹ kú oríire, gbajúmọ̀.”

Fíìmù náà jáde. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni wọ́n fi hàn, ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó mi ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ máa ń dá a dúró ní títì ya fọ́tò: “Màmá Ẹlẹ́kún, ẹ sunkún díẹ̀ fún wa!” Èmi á di báàgì rẹ̀ mú. Wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò níbẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá òkìkí, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ máa wà láàyè nínú rẹ̀. Ara mi ni mo ń fi rẹ́rìn-ín o. Ẹ má bá mi rín in jù.