Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Tó Wà Lábẹ́ Pẹpẹ

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan wà tó jókòó sí mi lọ́kàn, tí ò fẹ́ dìde. Bí mo bá ti rí ìrẹsì lórí tábìlì báyìí, ó ti dé nìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa ni. Ọ̀kadà ni mò ń gùn láti Ìdógò sí Ìlaròó, ṣùgbọ́n epo ò dé apá ọ̀dọ̀ wa mọ́. Mo gbé ọ̀kadà ti ògiri títí adìyẹ fi ń yé sórí ìjókòó ẹ̀. Ti Ṣadé ló ń dùn mí jù. Bàbá Ìjọ wa ló bí Ṣadé, wọ́n sì ti gbà pé tá a bá ti ṣe ìkórè tán, kí àwọn èèyàn mi wá fún mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Bàbá bá kọjá níwájú ilé wa, wọ́n á wo ọ̀kadà, wọ́n á wò mí, wọ́n á mí kanlẹ̀.

Àìríṣe ló mú mi yá ìwé lọ́wọ́ ọmọ Poli kan tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ìtàn òyìnbó ni, gbogbo èèyàn ló ń kà á nígbà náà. Wọ́n pa fáàdà àgbà kan, wọ́n sì ń wá ẹni tó pa á. Ìwé yẹn ní àmì kan wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, ibi tí àmì náà bá sì wà ni àwọn àgbà ìjọ ń kó àṣírí pa mọ́ sí. Fọ́ọ̀mù Tù ni mo ti kúrò nílé ìwé, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà ni mo ṣe ń kà á. Àmọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ yé mi dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ṣọ́ọ̀ṣì, òótọ́ ni. Ṣé òpùrọ́ á jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ó ṣì kù.

Ní Sátidé kan, èmi ló kàn láti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ pẹpẹ. Lára pákó tí wọ́n fi dí abẹ́ ẹ̀, ìlà mẹ́ta jáde láti ojú kan. Ẹsẹ̀ ẹyẹ! Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sáré dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìjọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà lábẹ́ pẹpẹ?”

Bàbá ń jẹ gúgúrú. Wọn ò jẹ ẹ́ mọ́. Òógùn bò wọ́n. “Ta ló rán ẹ níṣẹ́ abẹ́ pẹpẹ? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Háà! Bí alàgbà inú ìwé yẹn ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, òun náà sì làágùn. Láti ìgbà yẹn, bí Bàbá bá wúkọ́, ó bá ìwé mu.

Mo sọ fún ọmọ Poli. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ìtàn ni o! Ẹni tó kọ ìtàn yẹn náà ló kọ ojú ewé àkọ́kọ́.” Mo wò ó, mo ní ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yìí.

Bó ṣe di Sọ́ńdè, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde. Mo jáde tìwétìwé. Ìjọ tí ebi ń pa ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o: àwọn tó ń ná Kútọnu tẹ́lẹ̀ ń wo ojú ara wọn nílé. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ẹnì kan fi pariwo pé, “Góòlù ni!” Gbogbo ìjọ dìde. Bàbá Ìjọ na apá méjèèjì síwájú pẹpẹ bí ẹni ń dá màlúù dúró.

“Mo ní kò sí nǹkan níbẹ̀!”

Ìyá Ìjọ ní, “Bàbá, ẹ yẹra, ká rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀.”

Káfíńtà tó ṣe pẹpẹ náà ń ké láti ẹ̀yìn: “Ẹ má ba pákó mi jẹ́ o! Èmi ni mo fa ìlà yẹn, kí n lè mọ apá tó máa kọjú síta!” Ó ti pẹ́ jù. Mo ti ki irin bọ̀ ọ́. Pákó já, ìrẹsì sì ń ya lé mi lẹ́sẹ̀. Àpò ìrẹsì òkèèrè, wọ́n tò ó jọ, eku ti jẹ ọ̀kan.

Ìyá Ìjọ ò tiẹ̀ béèrè ẹni tó ni ín. “Ohun tó bá ti wà lábẹ́ pẹpẹ, ti Olúwa ni. Ẹ dáná!”

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti sè é. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní ojú mi ríran. Wọ́n bu tèmi kún abọ́, wọ́n fi èépá ìdí ìkòkò sí i. Ibi tí mo ti ń gbé e mì ni Ṣadé ti wá dúró sí mi lórí. Ojú ẹ̀ pọ́n.

“Ṣé ó dùn?”

“Ó dùn gan-an. Jókòó, jẹ díẹ̀.”

“Máa jẹ ẹ́ lọ. Ìrẹsì mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ wa ni. Ilé wa ló máa gba àwọn èèyàn ẹ lálejò, Bàbá sì ti rà á pa mọ́ kí bọ́dà tó tì. Wọ́n ní bó o ṣe ń jìyà yìí, ó kéré tán kí àwọn èèyàn ẹ jẹun yó lọ́jọ́ náà.”

Ṣíbí dúró sí mi lẹ́nu. Mo gbé abọ́ kalẹ̀.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá. Wọn ò bú mi, ìyẹn ló burú. “Dìde,” ni wọ́n sọ. “Lọ ka ìwé ẹ.”

Mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ò wáyé mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, Bàbá ò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ṣadé fẹ́ tíṣà kan ní Ayétòrò, káfíńtà yẹn ló kan bẹ́ẹ̀dì wọn, ọ̀kadà mi ni wọ́n sì fi gbé fóòmù ẹ̀ lọ. Èmi ni mo gùn ún.

Mo ti kọ́gbọ́n ṣá. Bí ìwé bá ní òótọ́ lòun ń sọ, màá béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì tí kì í ṣe ìwé náà. Bí mo bá sì rí àgbàlagbà tó ń làágùn, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá oòrùn ló ń pa á. Ìwé náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mi ò kà á tán. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó pa fáàdà yẹn, bí mo bá sì rántí pé mo sọ ìyàwó nù nítorí ìwé tí mi ò kà parí, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?