Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Lọ Sin Tanímọ̀la

Ọjọ́ kan wà tí kò fẹ́ tán lọ́kàn mi, bí mo ti ń gbìyànjú tó láti gbàgbé rẹ̀: ọjọ́ tí mo gbé ajá mi wọ ọkọ̀ ojú omi láti lọ sin ín ní Ajídò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá náà. Apẹja kan ní Ajídò ló fún mi nígbà tó ṣì kéré bí ọmọ ológbò, lọ́dún tí iṣẹ́ ọ́fíìsì gbé mi kúrò ní Èkìtì wá sí Ìbẹ̀rẹ̀kò. Àwọn ọmọ mi bá a ṣeré dàgbà, wọ́n sì tú ká. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní Adó, oṣooṣù ló ń wá. Ó wá ku èmi àti ajá, ogbó sì dé sí ajá. Ojú rẹ̀ funfun bí omi ògì, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, gìrì a sì máa gbé e lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkàn rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, nítorí náà ó máa ń wúkọ́ bí bàbá arúgbó tó ti fi tábà ṣayé. Èmi ni mo ń gbé e jáde lọ tọ̀, èmi ni mo ń nu ojú rẹ̀. Oògùn tí dókítà ẹran ní Mọ̀rọ̀gbọ̀ fún un, inú ẹja bíbọ̀ ni mo ń fi pamọ́ sí. Á jẹ ẹja tán, á tu oògùn sí mi lẹ́sẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìgbà ọyẹ́ ni, gìrì gbé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó fi í sílẹ̀, ó na gbalaja, kò mira. Mo pè é, kò gbọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó já bọ́. Ni mo bá figbe ta. Ìyá Sẹ̀nàmì, aládùúgbò mi tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gùn, sáré wọlé pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi ìka kan tẹ ajá níkùn, ó mi orí.

"Bàbá Dọlápọ̀, ó ti lọ. Ẹ ṣe ọkàn gírí."

Bí ẹni pé obìnrin náà kàwé ìṣègùn! Ẹja yíyan ló ń tà. Èmi tí mo sì ní nọ́ńbà dókítà lórí fóònù, ẹkún ò jẹ́ kí n rántí.

Mo pinnu pé ibi tó ti wá ni yóò padà sí. Mo fi aṣọ ìbora mi wé e, mo ká a sínú ẹní, mo fi okùn so ó. Ọlọ́kadà méjì wo ẹrù náà, wọ́n wo ojú mi tó pọ́n, wọ́n sì ṣáná sí ọ̀kadà wọn láì dágbére. Ẹ wò ó náà: àgbàlagbà ọkùnrin tó ń sunkún, tó gbé nǹkan gígùn kan tí wọ́n fi ẹní dì. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí wọn ò pariwo gbọ́mọgbọ́mọ lé mi lórí.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé etí ọ̀sà. Sẹ̀wánù, ọlọ́kọ̀ tó gbà láti gbé mi, ń wo ẹní.

"Ọ̀gá, kí ló wà níbẹ̀? Kì í ṣe òkú o?"

"Òkú kẹ̀! Ẹrù ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ó dáa. Ìyá mi àgbà ní ẹni tó bá gbé òkú wọ ọkọ̀ tí kò sọ, òkú yẹn á bá a sọ̀rọ̀ kó tó gúnlẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Kùrukùru bo ọ̀sà. A ò tíì rìn jìnnà tí èbúté fi pòórá lẹ́yìn wa, ọ̀hún náà ò sì hàn. Àfi bí ẹni pé wọ́n da òwú bo ayé. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ń ta sí wa nímú láti ibì kan, àmọ́ a ò rí iná, a ò rí ènìyàn. Àjẹ̀ Sẹ̀wánù nìkan ló ń dún nínú omi.

Ẹnì kan wúkọ́.

Sẹ̀wánù dá àjẹ̀ dúró. "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Èmi kọ́. Mo rò pé ìwọ ni."

"Èmi náà kọ́."

A wo ara wa. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Ìkọ́ náà tún dún, ìkọ́ arúgbó, láàárín àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí ha pákó ọkọ̀, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Mo mọ ìkọ́ yẹn. Mo mọ ẹni tó ni ín. Ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Ẹní náà mí kanlẹ̀. Ó jókòó. Ó dìde.

"Máwù!" Sẹ̀wánù ké pe Ọlọ́run lédè Ẹ̀gùn, ó sì bẹ́ sómi tòun tàjẹ̀.

Ó wá ku èmi àti ẹní tó ń rìn. Kò ní orí, kò ní ojú, ó ń rìn tàgétàgé bọ̀ wá bá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka Sáàmù, ẹsẹ kìíní ni mo dé, ìyókù fò lọ. Mo wá yíjú sí ẹ̀bẹ̀: "Tanímọ̀la, jọ̀ọ́, èmi ni mo tọ́ ẹ! Bó bá jẹ́ ti oògùn inú ẹja ni, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́!" Ó ń bọ̀ ṣáá. Mo fẹ̀yìn rìn títí ọkọ̀ fi tán, mo já sómi.

"Mo ń rì! Ẹ gbà mí!"

Ohùn Sẹ̀wánù dáhùn láti inú kùrukùru: "Ọ̀gá, ẹ dìde dúró."

Mo dìde. Omi ò kọjá ìdodo mi.

Inú ìtìjú yẹn ni mo wà nígbà tí mo rí i pé ọkọ̀ ti lọ. Kùrukùru ti gbé e mì. Ìgbà yẹn ni orí mi wá pé: òkú kì í wúkọ́. Ajá mi wà láàyè, kò ríran, okùn wà lára rẹ̀, òun nìkan nínú ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀. Bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé pẹ́nrẹ́n, ó tán. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà kì í ṣe ẹ̀rù iwin mọ́.

"Sẹ̀wánù, jẹ́ ká wá a!"

"Kí n máa wá iwin?"

"Ajá mi ni! Ọkọ̀ rẹ sì ló gbé lọ!"

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló wọ̀ ọ́ létí. A tẹ́tí. Ó pẹ́, ìkọ́ dún lápá òsì. A wọ́dò lọ síbẹ̀. Ó dún lẹ́yìn wa. A yí padà. Omi dé àyà mi, ẹrẹ̀ ti gba bàtà mi, mo sì ń pe "Tanímọ̀la! Tanímọ̀la!" nínú ayé funfun yẹn. Ta ni ì bá gbọ́ ọ láti èbúté tí kò ní sá? Nígbà tó yá, ìkọ́ ò dún mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún ajá kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ni iwájú orí mi bá gbá nǹkan, kọ́ọ́. Ọkọ̀ ni. Ó há sáàárín igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè máa sá sí. Tanímọ̀la jókòó sínú rẹ̀, ẹní rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí agbádá, ó ń fi imú wá ibi tí òórùn ẹja yíyan ti ń bọ̀.

Mo dì mọ́ ọn. Sẹ̀wánù ò sún mọ́ wa.

"Fọwọ́ kàn án. Imú rẹ̀ tutù."

"Ti òkú náà máa ń tutù."

Àfìgbà tí ajá bẹ̀rẹ̀, tó tọ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, kó tó gbà. "Hẹn, òkú kì í tọ̀."

Nígbà tí mo délé, àwọn ará àdúgbò ti kún iwájú ilé mi láti bá mi kẹ́dùn. Wọ́n rí mi, omi ń ro tótó lára mi, mo gbé òkú tó ń ju ìrù. Ìyá Sẹ̀nàmì ló kọ́kọ́ sá. Bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà mi di ọjọ́ kejì.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí lórí fóònù. Ó ní lẹ́yìn gìrì líle, ajá arúgbó lè sùn bí ẹni tó kú. Ó yí oògùn rẹ̀ padà, Tanímọ̀la sì tún lo odindi ìgbà òjò kan pẹ̀lú mi. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: ìbànújẹ́ a máa yára ju ikú lọ. Ẹni tó bá ń tọ́jú arúgbó, ènìyàn ni o, ajá ni o, kó fi sùúrù gbọ́ èémí rẹ̀ kó tó sunkún.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ló kú lóòótọ́, orí rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ni mo pè. Ó wá, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn lé e láyà, ó ní ó ti lọ. Mo ní kó tún gbọ́ ọ. Ó gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan sí i.

"Bàbá Dọlápọ̀," ló wí, "bí ẹ bá tún sọ ọ́, àyà ẹ̀yin gan-an ni n ó gbé e lé."

Mo bú sẹ́rìn-ín, omijé sì bá ẹ̀rín náà jáde.