Ọjọ́ tí Ọkọ̀ Oníbejì Da Mọ́gàjí Sómi

Ọjọ́ tí mo da bàbá tó tọ́ mi sómi, bí mo tilẹ̀ darúgbó kùjọ́kùjọ́, kò ní tán lọ́kàn mi. Káfíńtà ni mí, ní Bẹyẹrúnká n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn òmìnira, òyìnbó kan tí mo máa ń kan àga fún ń padà sílé, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó wà ní adágún omi Ẹlẹ́yẹlé ta mí lọ́rẹ. Ọkọ̀ tóóró méjì ni wọ́n fi pákó dè pọ̀ bí ìbejì, ìgbòkun, aṣọ tí atẹ́gùn fi ń ti ọkọ̀ lọ, wà láàárín. Èmi tí n kò bómi pàdé rí ju inú balùwẹ̀ lọ, mo di ọlọ́kọ̀.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Sọ́ńdè kan kò yẹ̀. Òyìnbó ti kọ́ mi díẹ̀, omi kọ́ mi ìyókù. Bí mo bá há sínú koríko, Yàkúbù, apẹja ará Tápà tó ń dẹ àwọ̀n níbẹ̀, ni í fà mí jáde. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pé, nítorí Bàbá kò tíì rí i. Bàbá ni Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó gbà mí tọ́ nígbà tí mo dọmọ òrukàn. Mo fẹ́ fi ọkọ̀ yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé kò ní dà wá nù?" Bàbá bi mí.

"Ẹsẹ̀ méjì ló ní, Bàbá. Kò lè dànù láé."

Ẹ ò rí ẹnu mi!

Bàbá kó àgbà mẹ́rin wá, tagbádá tagbádá. Mo ti pín wọn lọ́kàn mi: mẹ́ta lápá ọ̀tún, èmi àti méjì lápá òsì. Mo gbàgbé pé ọmọ Ìbàdàn ni wá. Bí Bàbá ṣe jókòó lápá ọ̀tún, gbogbo wọn tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni méjì bọ́ sápá ibí," mo bẹ̀ wọ́n.

"Kí n wá kọjú sí Mọ́gàjí bí ẹgbẹ́ rẹ̀?" àgbà kan jágbe mọ́ mi. "Wa ọkọ̀ rẹ, ọmọdé yìí!"

Mo gbé ara mi lé apá òsì, mo ń fi ìwọ̀nba ẹran ara mi gbéjà ko àgbà márùn-ún.

Ó sì ṣe é ṣe! A dé àárín omi, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, Bàbá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó yíjú sí mi, ó ní: "Àkànní, o ṣeun. Bàbá rẹ ì bá rí ọ lónìí."

Orí mi wú. Mo ju okùn ìgbòkun sílẹ̀, mo sáré sápá ọ̀tún, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

Ọkọ̀ náà dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé mi.

Nígbà tí mo máa gbórí sókè, àgbà mẹ́rin ti di pákó mú. Bàbá kò sí! Mo kígbe orúkọ rẹ̀ títí omi fi kún ẹnu mi. Yàkúbù, tó ń dẹ àwọ̀n nítòsí, ló bẹ́ sómi, ló lọ fà á yọ lábẹ́ ìgbòkun.

Nígbà tí ó wọ́ gbogbo wa àti ọkọ̀ dé èbúté, Bàbá wúkọ́, ó pọ omi, ó lajú. Mo tún nà gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Dìde ńlẹ̀ jàre!" ó ní. "Èyí tí o kọ́kọ́ ṣe ti tó wa."

Àwọn àgbà ń wá ohun tí a ó fún Yàkúbù. Wọ́n dárúkọ ewúrẹ́, wọ́n dárúkọ aṣọ. Ọkọ̀ mi ni Yàkúbù ń wò. Mo kó okùn ìgbòkun lé e lọ́wọ́, mo ní ọkọ̀ ti di tirẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, ẹ má sọ fẹ́nì kankan.

Bàbá lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé, ó fìyàwó fún mi, ó gbé àkọ́bí mi jó. Ọlọ́run ṣeun, Yàkúbù náà ṣeun. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n lórí omi, ẹ fi ẹnu nìkan dú u. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi; ẹyọ kan yẹn nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni tí mo ń kí. Háà, èmi náà!