Bí Oyèkànmí Ṣe Fi Orí Gbé Àjà Tuntun Wọ Balùwẹ̀

Ẹ yà lọ́nà, ẹ jẹ́ kí Oyèkànmí Àlàmú kọjá! Ọmọ Lágbayì tó fi òpó kan ṣoṣo ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ wó, tí ògiri náà sì dúró títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ọmọ-ọmọ Ọ̀jẹ́dìran tó fi ọ̀dà dí ihò orí páànù, tí òjò ọdún náà wò ó lójú, tó sì gba ibòmíràn lọ. Télọ̀ ni Oyèkànmí ní Ìkirun, ikùn rẹ̀ sì yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gun àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ balógun lórí ẹṣin.

Ọ̀tá tó dojú kọ ọ́ kì í ṣe kékeré. Àjà balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ni, pákó pẹlẹbẹ àtijọ́ tó ti mu òjò ní àmuyó, tó dúdú, tó wú, tó sọ̀ bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún. Ọjọ́ tí Màmá Ìrẹ̀sì, ìyá ìyàwó rẹ̀, dé láti wá bá wọn gbé fúngbà díẹ̀, àjà yìí já èèpo ara rẹ̀ sínú garawa ìwẹ̀ Màmá, gbọ̀lúmù! Màmá sáré jáde tòun tọṣẹ lójú. Láti ìgbà náà, ìdí kànǹga ló ti ń wẹ̀, ó sì ti wí pé bí Sátidé bá fi lè ṣú tí òun kò rí ibi wẹ̀ bí ènìyàn, òun yóò kó lọ sọ́dọ̀ Ayélàágbé, ọkọ ọmọ òun kejì, ẹni tí àjà balùwẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹyin, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀.

Sátidé ọ̀hún rèé.

Akọni kò fi ìbínú fa ọ̀tá ya. Ìgbẹ́ àdán tó ti pẹ́ ló kún orí àjà yẹn. Ẹni tó bá fà á ya yóò fi orí gbà á. Ó ti kọ́kọ́ dí ibi tí páànù ti ń jò, ó sì ti ha gbogbo ohun tó ń ṣí kúrò. Ó wá pinnu láti da pátákó ẹfun tuntun, irú èyí tí wọ́n fi bébà bò lójú, bo àjà àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń ran aṣọ tẹ́ inú kóòtù. Ó fi ìka kan àjà, ó tẹ́tí. Ibi tó bá dún bòhò, òfìfo ni; ibi tó bá dún kọ́, igi tó gbé àjà ró wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni síkúrúù yóò ti rí nǹkan dì mú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, kí ó má bàa ṣì wọ́n nígbà tí pátákó bá bò wọ́n.

Ó gé pátákó ní àgbàlá, ó lu ihò gílóòbù sí i, òun àti Dúródọlá ìyàwó rẹ̀ sì gbé e wọlé. Oyèkànmí, Afi-orí-ṣòpó, Ọ̀gbójú tí kì í bẹ̀rù eruku, ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e dé òkè!

"Bàbá Morẹ́nikẹ́," ni Dúródọlá wí, "ihò yín wà lápá ògiri inú lọ́hùn-ún. Apá ẹnu ọ̀nà ni gílóòbù wà."

"Ṣé o rí i dáadáa?"

"Ẹ̀yin ni ẹ ò rí i. Ẹ ti fi pátákó dé fìlà."

Ohùn Màmá wọlé láti àgbàlá. "Dúródọlá, ṣé kí n máa di ẹrù?"

"Ẹ ṣì ní sùúrù, Màmá!"

Òógùn bo akọni. Ẹ̀yìn ni télọ̀ máa ń fa ṣọ́ọ̀kì sí kí ojú aṣọ má bàa dọ̀tí. Ẹ̀yìn pátákó ni òun náà fà á sí, iwájú sì ti di ẹ̀yìn. Ṣé ó ti ba pátákó jẹ́ nìyẹn? Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọrùn ń ro ó, ó ń ro bí gílóòbù ṣe rí. Àárín gbùngbùn ògiri ọ̀tún àti ògiri òsì ni wáyà rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀! Bí ìdí pátákó bá di orí, ihò yóò bọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n pátákó tó kún balùwẹ̀ kò ṣeé yí nínú balùwẹ̀. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n yí i po níwájú Màmá tó ti gbé báàgì lé itan.

"Ṣé ẹ̀ ń sin ín kiri ìlú ni?" ni Màmá bi wọ́n.

"Ó ní kóun kọ́kọ́ wá kí yín ni, Màmá," ni Oyèkànmí dáhùn.

Wọ́n gbé e padà wọlé. Dúródọlá fi òpó tì í, dírílù bú ramúramù, síkúrúù sì ń gba ojú àmì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rì díẹ̀ láì ya bébà ojú pátákó. Oyèkànmí fa wáyà gba ihò, ó so gílóòbù kọ́. Òpó kúrò, àjà kò mì.

Màmá wọlé tòun ti garawa. Ó fi ìdí ìgbálẹ̀ gún àjà. Kọ́! Ó tún gún un. Kọ́! Ó ti ilẹ̀kùn. Tọkọtaya tẹ́tí níta. Omi dún, kàn-ìn-kàn-ìn dún, lẹ́yìn náà ni orin ìyìn tó lé sókè bí ẹni pé ọjọ́ ìkórè ni.

"Dúródọlá!" Màmá ké láti inú ọṣẹ. "Bá mi tú báàgì yẹn!"

Kí Ayélàágbé gbọ́, kí gbogbo Ìkirun gbọ́, kí àdán orí páànù náà gbọ́: láti òní lọ, ohunkóhun kò ní ti òkè já lu ẹni tó ń wẹ̀ nílé Oyèkànmí Àlàmú mọ́, àfi ìmọ́lẹ̀ gílóòbù!