Ráútà Inú Àpótí Irin

Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé Alhaji Fàlílù ní Ìjòkó le débi pé bí ewúrẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ kọjá, etí ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ní ìyá kan tó ń fa omi ní kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti Jámánì nínú korobá. Ti ewúrẹ́ yẹn ò wọ̀ wá létí. Ti korobá ni a ò lè búra pé irọ́ ni, torí ẹni tó sọ ọ́ fún wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni.

Ẹni tó sì sọ ọ́ fún ẹni tó sọ ọ́ fún wa ni Alhaji Fàlílù fúnra rẹ̀.

Fàlílù Ọ̀ṣìnúbí, ọkọ ráútà, a-jókòó-sí-kọ̀rọ̀-bá-Mẹ́kà-sọ̀rọ̀, a-tẹ-bọ́tìnì-kan-mi-gbogbo-àdúgbò. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Sàǹgó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tó tún gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́yìn Ọlọ́run àfi irin. Irin ni gétì rẹ̀, irin ni wíńdò rẹ̀, irin ni bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn lé.

"Igi ń jẹrà, ènìyàn ń dalẹ̀," ló máa ń wí. "Irin kì í yí padà."

Ìpẹtà tó ti jẹ ìdí gétì náà ò rí ẹnu fọhùn.

Cornelius, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sàǹgó, ló bá a gbé ráútà náà kalẹ̀: ẹ̀rọ kékeré funfun kan tí kò ju Kùránì àpò lọ, tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú òfuurufú, tó sì ń pín in fún fóònù gbogbo láìsí wáyà. Ojú wíńdò pálọ̀ ni Cornelius gbé e sí.

"Daddy, ibí yìí ni kó máa wà o," ló wí. "Ẹ má fi nǹkan kan bò ó. Gbangba ló fẹ́ràn."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ?" ni Alhaji dá a lóhùn. "Nígbà tí mò ń yọ́ irin, bàbá ẹ ò tíì fẹ́ ìyá ẹ."

Páswọ́ọ̀dù rẹ̀ ni "alhajinibabawa". Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á kọ́kọ́ pè é síta kí gbogbo ilé gbọ́, kó tó tẹ̀ ẹ́.

Mùíbátù, ìyàwó àbúrò Alhaji tó ti dolóògbé, ti pè é títí ó ti sú u. Òwú àti bọ́tìnì ló ń tà ní Ọ̀tà. Toyibat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti ń dúró de Rauf, ọmọ Adó-Odò, láti ọdún mẹ́ta tí ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà. Nígbà tó yá, ẹbí méjèèjì fẹnu kò pé kí wọ́n so yìgì náà báyìí, kí Rauf máa gbọ́, kó sì máa dáhùn láti ọ̀hún lórí láptọ́ọ̀pù. Mọ́sálásí àdúgbò ni Mùíbátù fẹ́ kí wọ́n lò, kí ọ̀rẹ́ Toyibat kan sì fi dátà orí fóònù rẹ̀ gbé e.

Ó dun Alhaji wọra.

"Ọmọ àbúrò mi? Kí wọ́n so yìgì ẹ̀ lórí dátà fóònù, bí ẹni ń ra bẹntiróòlù nínú ike? Pálọ̀ mi ni."

Mùíbátù gbà. Bí ọkọ ẹni bá ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fi ọmọ fọ́kọ. A kì í sì í bá ẹni tó máa fi ọmọ fọ́kọ jiyàn lórí àga tó máa jókòó lé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, láti Àsùbáà ló ti ń fa tẹ̀súbáà. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni ọ̀gá Rauf fún un kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ará Adó-Odò sì ti là á mọ́lẹ̀: bí kò bá ṣeé ṣe lónìí, ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ẹ̀yìn ààwẹ̀ sì rèé, oṣù márùn-ún ṣì wà nílẹ̀.

Ìgbà tó wọ pálọ̀ ló rí ohun tó bà á lẹ́rù díẹ̀. Ojú wíńdò ti ṣófo. Àpótí irin kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Alhaji, ó nípọn bí ìlẹ̀kùn báńkì. Àwọn wẹ́dà Sàǹgó ló jó o fún un lánàá. Ráútà wà nínú rẹ̀ lórí tìmùtìmù pupa, ọmọrí àpótí sì wà ní ṣíṣí.

"Alhaji, àpótí ńkọ́?"

"Àlejò ń bọ̀ láti Adó-Odò, Mùíbátù. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ọwọ́ wọn."

Wọ́n pe Rauf wò. Ó yọ kedere, àní wọ́n rí ibi tí abẹ ti gé e lágbọ̀n. Ọkàn Mùíbátù balẹ̀.

Àwọn àna dé, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ìyá Àgbà Àdìzát, ìyá bàbá Rauf, ló ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀pá. Alhaji kí wọn tẹ̀ríntẹ̀yẹ. Bó ṣe ń kí wọn ló ń dé ọmọrí àpótí. Bó ṣe ń bèèrè àlàáfíà ilé ló ń ti àgádágodo. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, lórí léèsì, níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Ó wá gbé abọ́ ńlá kan kiri.

"Ẹ pa fóònù yín, kí ẹ kó o síbí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá Rauf du nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Lèmọ́mù ṣe ìwàásù, kò gùn. Alhaji kọ ojú sí láptọ́ọ̀pù, ó fi ohùn ńlá wí pé òun fi Toyibat fún Rauf. Lèmọ́mù ní, "Rauf, ṣé o gbà?"

Rauf la ẹnu.

Ẹnu náà ò padé mọ́.

"Ó ń ronú ni," Alhaji wí.

Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ láptọ́ọ̀pù. "Ṣé ẹnu ni wọ́n fi ń ronú ní Kánádà?"

Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. Alhaji ní kí wọ́n pa fáànù, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ń gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Wọ́n pa á. Ó ní kí àwọn tó jókòó sí iwájú sún, ara wọn ń dí ọ̀nà. Wọ́n sún. Ó ní kí àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Lèmọ́mù nìkan ni kò ṣí láwàní. Òógùn bò wọ́n, Rauf ṣì la ẹnu síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ ehín fún.

Tìróò ojú Toyibat ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Mùíbátù wo aago ara ògiri: ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Alhaji pe Cornelius, ó sì gbé ohùn fóònù síta kí àwọn àna lè gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń bá ọmọṣẹ́ sọ̀rọ̀.

"Daddy, iná ara ráútà ńkọ́? Àwọ̀ wo ló ń tàn?"

Alhaji wo àpótí. "Àwọ̀ ewé."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Láti òkè dé ìdí."

"Ó yà mí lẹ́nu. Ojú wíńdò yẹn náà ṣì ni?"

"Ibi tó ní ọ̀wọ̀ ló wà."

Mùíbátù gbọ́ "ojú wíńdò", ó rántí. Rauf yọ kedere nígbà tí ọmọrí wà ní ṣíṣí. Ó kúnlẹ̀.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí àpótí yẹn."

"Kí ni irin ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, sà. Ẹ kàn bá wa ṣí i."

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá kan àpótí náà, ó dún gbọ̀ọ́n. "Kí ló wà nínú ẹ̀, àna wa?"

"Ráútà ni, Màmá."

"Ta lẹ tì í mọ́?"

"Ààbò ni, Màmá. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí àlejò bá pọ̀..."

"Àlejò dà? Àwa nìkan la wà níbí."

Ẹnì kan húkọ́. Alhaji rí i pé ojú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ń wo kọ́kọ́rọ́ ọrùn òun.

"Ó dáa," ló wí. "Mo máa ṣí i, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àpótí ló fà á."

Ó ṣí i.

"...gbà á! Mo gbà á! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Mo ti sọ ọ́ tó ìgbà ogún!" Ohùn Rauf gba gbogbo ilé. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ rẹ̀ méjì ń pàtẹ́wọ́.

"Alihamudulilahi," ni Lèmọ́mù wí. Àwọn ẹlẹ́rìí ní àwọn gbọ́. Mùíbátù ò tíì dìde lórí eékún rẹ̀. Ó kúkú fi orí kanlẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò tíì kúrò nídìí àpótí. "Àna wa, ẹ tún dé e wò."

Alhaji dé e, torí ó ṣì dá a lójú pé irin ò lè já òun kulẹ̀. Rauf gan pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

"Ẹ ṣí i."

Rauf ń rẹ́rìn-ín lọ.

"Ẹ dé e lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Lèmọ́mù ti fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Toyibat bú sẹ́rìn-ín, tìróò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ọ̀rọ̀ àpótí kọ́," Alhaji wí. "Mo ti ń gbàdúrà sí i nínú ọkàn mi ni. Àdúrà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà."

"Àdúrà tó ń gbà bí wọ́n bá ṣí ọmọrí?" Ìyá Àgbà bi í.

"Màmá, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi bá irin lò."

"Irin náà ti mọ̀ yín, ó wá ku ráútà."

Ohùn kan jáde láti inú fóònù tí gbogbo wọn ti gbàgbé lórí tábìlì. Cornelius ni, kò tíì pa tirẹ̀.

"Daddy, ẹ má bínú o. Ṣé inú àpótí irin lẹ gbé e sí?"

Alhaji dìde. Ó ká apá agbádá sókè, ó nàka sí fóònù, ó nàka sí àpótí, ó wá ibi tó máa nàka sí lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ló wí, ó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Irin tí èmi Fàlílù bá fi ọwọ́ ara mi yàn, kò sí bó ṣe lè..."

Ìlẹ̀kùn gba ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbọ́ igbe gétì, wọ́n sì gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń lu bọ́tìnì léèsì lọ́rùn rẹ̀ kẹ́kẹ́kẹ́ bó ti ń lọ sápá òpópó. Àpótí tí kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣọ́ wà ní pálọ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà.