Ìlà Ẹfun Lára Ògiri Ṣówándé

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá wa pa ilẹ̀kùn dé. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, yinniyinni kí ẹni ó ṣe mìíràn? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá gbálẹ̀ lẹ kàn ń pa á fún. Ẹ̀rù ló bí òwe yẹn o.

Arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Ṣówándé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú òkèèrè, ohun kan ṣoṣo tó sì ń mú èèyàn wọ ilé rẹ̀ ni eré igbó orí ẹní. Bí òjò ò bá jẹ́ kí wọ́n roko, á tẹ́ ẹní, á fi òkúta ṣe òkè, á fi ewé ṣe igbó, á wá máa sọ ohun tí àwọn òṣèré bá pàdé níbẹ̀. Àwọn náà, tí oníkálukú ń ṣe ọdẹ nínú eré, á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á da èèpo ẹkùrọ́ mẹ́rin sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i. Ẹni tó bá ṣe gudugudu méje, Ṣówándé á fi ẹfun fa ìlà kan fún un lára ògiri. Ẹni tí ìlà rẹ̀ bá pé mẹ́wàá ló ń di ọ̀gá eré, òun ni yóò gba àpótí ìjókòó Ṣówándé.

Kí n má parọ́, ó yẹ kó máa fà á ni. Ahun ni bàbá yìí. Ọdún mẹ́ta ni Mosúnmọ́lá amọ̀kòkò fi ṣeré, ìlà kan péré ló ní. Ṣódípọ̀ akọpẹ kò ní rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló gba ọmọ ọba lẹ́nu ejò olórí méjì nínú eré.

“Ṣebí ọdẹ ni ẹ́,” Ṣówándé á wí. “Ṣé wọ́n ń yin ẹja pé ó mọ̀wẹ̀ ni?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú títí ojú ọ̀run fi dúdú. Mosúnmọ́lá nìkan ló dé.

“Bàbá, Ṣódípọ̀ ní òun ò wá mọ́. Bí ẹ ò bá fa ìlà fún mi lónìí, èmi náà ò ní padà wá.”

 Ṣówándé rántí bí ilé náà ṣe ń pa lọ́lọ́ bí wọ́n bá ti lọ. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á. “Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ná,” ló wí.

Ọdẹ Mosúnmọ́lá sá wọ ahéré kan létí odò, níbi tí Òkú Odò, iwin ẹni tó rì sómi, ń gbé. Ṣówándé rẹ ohùn sílẹ̀. “Òkú Odò dé ẹnu ọ̀nà. Ó na ọwọ́, ó sì kan ilẹ̀kùn…”

Kò! Kò! Kò!

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló dún. Mosúnmọ́lá gbá orúnkún mọ́ra. Ṣùgbọ́n inú Ṣówándé dùn, ó rò pé Ṣódípọ̀ ló padà wá bá òun gbé eré lárugẹ. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó gbàgbé ahun.

“Ìwọ tó kànlẹ̀kùn yẹn, o káre!” Ó fa ìlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà.

Ni ojú ẹsẹ̀ kan tó tutù fún omi bá hàn nílẹ̀, nínú ilé, ilẹ̀kùn ò sì ṣí.

“Èyí tún dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ!” Ìlà kejì.

Ẹsẹ̀ náà gun ògiri. Ìlà kẹta. Nǹkan kan mí kanlẹ̀ nínú ìkòkò òfìfo, ilé ń rùn bí ìsàlẹ̀ odò. Ẹni tí kì í yin èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo, ó ń fa ìlà, títí ó fi pé mẹ́sàn-án.

“Bàbá,” Mosúnmọ́lá sọ wúyẹ́wúyẹ́, “ṣé Ṣódípọ̀ lè fẹsẹ̀ rìn lára àjà ni?”

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí. Ṣódípọ̀ wọlé, igbà ìkọpẹ wà léjìká rẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ilé mi ló ń jò ni mo fi wá.”

Ṣówándé wò ó. Ó wo ìlà mẹ́sàn-án. Ẹfun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó gbì sórí àpótí rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, “kí ẹnikẹ́ni má yìn ín mọ́, ó ku ìlà kan kó di ọ̀gá eré.”

Ṣódípọ̀ ti gbójú sókè. “Háà! Ta ló fẹsẹ̀ tẹ àjà báyìí? Ọwọ́ rẹ̀ mà dáa o!”

Ẹfun dìde fúnra rẹ̀, ó fa ìlà kẹwàá. Nǹkan kan fa àpótí yọ nídìí Ṣówándé, bàbá ṣubú sórí ẹní láàárín àwọn òṣèré. Omi ń kán tó, tó, tó láti orí àpótí tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí, ohùn kan sì jáde bíi pé láti inú kànga.

“Ta ló kàn?”

 Mosúnmọ́lá ṣaájú, ó da èèpo, ó ní ọdẹ òun kúnlẹ̀ kí olódò. “O káre, ọmọ mi,” ohùn náà wí, ẹfun sì fa ìlà. Ṣódípọ̀ ṣe tirẹ̀, ó gba méjì. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi gbàgbé ẹ̀rù, wọ́n ń du èèpo mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ó kan Ṣówándé. “Ọdẹ tèmi… á fún Òkú Odò ní ẹja tó pa.”

 Ẹfun rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ògiri, lókè orí rẹ̀. “O ṣeun, Ṣówándé.”

Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó fa ìlà fún un rí láyé rẹ̀. Ó já èèpo gbà lọ́wọ́ Ṣódípọ̀, ó ní, “Ẹ dúró, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n ṣe òmíì!”

Láti ọjọ́ náà, ilé rẹ̀ ò ṣófo mọ́ nígbà òjò. Ẹ̀yin náà, ẹ máa wo ẹsẹ̀ ẹni kí ẹ tó kí i pé ó káre, torí yinniyinni kí ẹni ó ṣe mìíràn, ẹni náà ì báà jẹ́ òkú.